Rilé Tí Kò Dákẹ́

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni n kò lá a lójú oorun. Ojú mi ló rí i, ọwọ́ mi yìí náà ló dì í mú. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀. Bí ẹ bá lọ bi í, á ní kí ẹ wá nǹkan mìíràn sọ, torí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò ní pè é ní irọ́.

Òjò ló rọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dá, iná mànàmáná ti lọ, inú ṣọ́ọ̀bù wa ṣókùnkùn, omi ń kán láti etí páànù. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ kan yà wọlé. Ó rọra ń bọ̀, bí ẹni tó ru ẹyin.

Káfíńtà ló wà á. A mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa. Lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà lápá rẹ̀. Kò tíì pa ẹ́ńjìnnì tó fi ń pariwo.

"Ọ̀gá, ẹ gbà mí o! Lónìí ni, kì í ṣe ọ̀la."

"Ta ló ń lé ọ?" Ọ̀gá mi ò tilẹ̀ dìde. "Ilẹ̀kùn tí a ní kí o kàn fún wa, a fẹ́rẹ̀ẹ́ hewú tán kí o tó gbé e dé."

Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn nawọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lọ́tùn-ún, wọ́n fi tì í lósì. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nímú rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí lọ sínú ẹ̀rọ kan tí wọ́n gbé lé ìjókòó. Ẹ̀rọ tó ń bá a wá atẹ́gùn ni. Ó ń ṣe fúù, fúù. Iná pupa kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

"Ihò iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà," káfíńtà ní, "ibẹ̀ la máa ń ki ẹ̀rọ yìí bọ̀ tí a bá ń rìnrìn àjò. Kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti àárọ̀. Rédíò náà kú. Bátìrì inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò lè gbé wa dé ìdajì ọ̀nà. Ọsibítù sì ti ní tí a kò bá dé kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn á fún ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀dì Màmá."

Ọ̀gá mi dìde. Ó wo ìyá náà, ó wo iná pupa yẹn. Ó wá wò mí.

"Oníná, ọkọ̀ rẹ rè é."

Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn. Ọ̀gá ló ni ẹ́ńjìnnì, èmi ni mo ni wáyà. N kò kà á nínú ìwé. Iná ló gbé mi lọ́wọ́ títí mo fi mọ ọ̀nà tó ń gbà.

Mo ní kí káfíńtà pa ọkọ̀, kó yọ kọ́kọ́rọ́. Ó yọ ọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀, mo ti orí bọ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Kẹ́.

Ó dúró díẹ̀.

Kẹ́.

Rilé ni. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àpótí dúdú kékeré kan ni, kò tó páálí ìṣáná. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ ní ìyí àkọ́kọ́, ahọ́n irin kan wà nínú rẹ̀ tí á gbéra, á gbá kẹ́, iná á sì ráyè kọjá lọ sí rédíò àti sí ihò ẹ̀gbẹ́ jíà. Tí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́, ahọ́n á padà sáyè rẹ̀. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Kọ́kọ́rọ́ ló ń pàṣẹ fún un.

Kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi.

Mo sọ fún ara mi pé wáyà méjì ló ń kanra wọn níbì kan. Omi òjò lè ti jò wọlé. Èyí kì í ṣe ohun tuntun lójú mi. Mo yọ fíúsì wò. Kò já. Mo mú gílóòbù tí mo fi ń yẹ iná wò, mo kàn án mọ́ ibi tí iná ń gbà wọ inú rilé. Ó tàn. Mo yí kọ́kọ́rọ́, mo kàn án mọ́ ibi tí iná yẹ kó gbà jáde. Òkùnkùn. Iná ń wọlé, kò jáde. Ẹnu rilé, ibi tí ahọ́n irin ti ń kan ìkejì rẹ̀, ti jóná nìyẹn. Ó ń gbéra, ó ń dún, ṣùgbọ́n kò lè fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

"Ṣé o ti rí i?" Ọ̀gá mi bi mí.

"Ó kù díẹ̀, sà."

Ọ̀nà tí àwa fi ń mọ̀ dájú kò le. Rilé rédíò àti rilé họ́ọ̀nù, ìbejì ni wọ́n nínú ọkọ̀ yẹn. À á yọ ti họ́ọ̀nù, à á fi í sí àyè ti rédíò. Bí ó bá ṣiṣẹ́, a ti mọ ọ̀daràn. Mo yọ ti rédíò, mo pa á mọ́ ọwọ́ òsì. Mo fi ti họ́ọ̀nù rọ́pò. Mo yí kọ́kọ́rọ́.

Rédíò bú sórin. Iná pupa ara ẹ̀rọ di àwọ̀ ewé. Káfíńtà gbá mi lẹ́yìn, mo rò pé òòlù ni.

"Àbúrò! Wọ́n bí ẹ ire!"

Ìyá rẹ̀ rọra yíjú sí mi láti ẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O ṣeun, ọmọ mi."

Mo fẹ́ dáhùn.

Nǹkan kan ta lọ́wọ́ òsì mi.

Ṣé ẹ ti di ọmọ adìyẹ mú rí, tí àyà rẹ̀ ń lù lu àtẹ́lẹwọ́ yín? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo la ọwọ́. Rilé náà wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níhòòhò. Kò sí wáyà. Kò sí bátìrì.

Kẹ́.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Iṣẹ́ sì kù. Ọkọ̀ náà ti padà ní rédíò, ṣùgbọ́n kò ní họ́ọ̀nù mọ́, ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà sì jẹ́ ọ̀nà àwọn tírélà. Ọkọ̀ tí kò lè ké lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, inú agbárí tírélà ló ń lọ. Ọ̀gá pe ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ fún wa. Irú rilé bẹ́ẹ̀ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣí ti àtijọ́ yẹn," Ọ̀gá ní. "Fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀. Á tó họ́ọ̀nù gbé títí wọn á fi padà dé."

Òótọ́ ló sọ. A máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé rilé náà lọ sórí tábìlì mi. Gbohùngbohùn ńlá kan tí a yọ lára ọkọ̀ ẹnìkan wà níbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní àṣé òòfà tó wà lẹ́yìn gbohùngbohùn yìí ló ń fa ahọ́n irin sókè sódò. Mo gbé gbohùngbohùn, mo lọ gbé e jù sí ìta. Mo padà.

Kẹ́.

"Kí ló ń dún yẹn?" Ọ̀gá bi mí.

"Rilé ni, sà."

"Èwo?"

"Èyí."

"O ti so ó mọ́ bátìrì?"

Mo gbé e sókè kó rí i. Ó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín. "Ebi ló ń pa á, wá nǹkan fún un jẹ."

Ó tún dún. Ẹ̀rín Ọ̀gá dúró lójú rẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn.

Mo fi sukudíráfà kékeré gbé ìdérí rẹ̀ kúrò. Ahọ́n irin náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Kò yára. Tó bá gòkè, á dúró níbẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú. Lẹ́yìn náà á sọ̀ kalẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kì í dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ orí. Mo fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ahọ́n náà mọ́lẹ̀ kó má mira. Mo ki sáńpépà sí i lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn.

"Màmá! Màmá!"

Mo yíjú. Káfíńtà ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó di ìyá rẹ̀ mú léjìká. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Iná rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Fúù, fúù. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyá náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ojú rẹ̀ là, ọwọ́ rẹ̀ ń ha ìjókòó. Nǹkan kan kò wọlé. Nǹkan kan kò jáde.

Mo ju rilé sílẹ̀, mo sáré.

Lẹ́yìn mi, lórí tábìlì: kẹ́.

Màmá mí. Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fà jáde nínú odò.

"Rọ́bà ló ká," káfíńtà ń sọ. "Rọ́bà yìí ló ká. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Rọ́bà ló ká."

Mo wo rọ́bà náà láti imú dé ẹ̀rọ. Kò ká.

Mo padà sídìí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹni tó ń ṣe iná kì í gba ẹ̀ẹ̀kan gbọ́. À á yọ ọ́, iná á kú. À á dá a padà, iná á tàn. A ó tún yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà yẹn la tó ń sọ pé òun ni. Mo gbé rilé náà, mo kọjú sí ọkọ̀. Káfíńtà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ibi tí rọ́bà ti ká. Mo gbé èékánná lé ahọ́n irin.

Mo tẹ̀ ẹ́. Fẹ́rẹ́ báyìí.

Àyà Màmá dúró.

Kò wo ọmọ rẹ̀. Kò wo ẹ̀rọ. Láti inú ọkọ̀, èmi ló gbójú sókè wò.

Mo tú u sílẹ̀. Kẹ́. Àyà rẹ̀ gbéra.

Ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọ̀gá ni. N kò gbọ́ ìgbà tó dé ẹ̀yìn mi.

"Gbé e kalẹ̀."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ rí i?"

"N kò rí nǹkan kan. Gbé e kalẹ̀. Jẹ́jẹ́."

Mo gbé e kalẹ̀. Ọ̀gá mi, tí kì í rìn lọ ibi kan kó má kọrin, rọra lọ bá káfíńtà. Ó ní kó wá bá òun wo táyà iwájú, ó dà bíi pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó. Àwọn méjèèjì yí lọ síwájú ọkọ̀. Màmá gbé ìka kan, ó fi pè mí.

Mo lọ. Rilé wà lọ́wọ́ mi. N kò mọ ìgbà tí mo tún gbé e.

"Kí lo mú lọ́wọ́?" Ohùn rẹ̀ kò ju ti ewé lọ.

"Rilé ni, mà."

"Ohun tó ń jẹ́ nìyẹn." Ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ orúkọ ẹnìkan fún.

"Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ó mí, ó sinmi. "O dì í mú."

"Ẹ má bínú, mà. N kò mọ̀."

"Ti àkọ́kọ́, o kò mọ̀." Ó tún mí. "Ti ẹ̀ẹ̀kejì ńkọ́?"

Omi ń kán láti etí páànù. Mo gbọ́ bí Ọ̀gá ṣe ń ta táyà nípàá níwájú.

"Ẹ jẹ́ kí n dá a padà sínú ọkọ̀," mo ní. "Kó wà lọ́dọ̀ yín. Kí ẹ máa gbé e lọ."

"Nínú ọkọ̀ tó ń jò yìí? Lójú ọ̀nà tó jẹ́ kòtò, tó jẹ́ gegele? Bó bá já bọ́ ńkọ́? Bí omi bá kán sí i?" Ó fi ojú wá ọmọ rẹ̀. "Èyí tí mo bí yìí, ìṣó nìkan ló mọ̀. Ohun tó bá ti gbó lójú rẹ̀, sísọ nù ni."

"Ṣùgbọ́n, mà…"

"Ẹni tó bá mọ ohun tó jẹ́ ni kó bá mi gbé e. Ọwọ́ rẹ móoru."

Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ pa ìka mi dé mọ́ rilé náà. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bíi páànù òjò.

"Má sọ fún un. Má sì fi ohun híha yẹn kàn án mọ́."

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò kọ̀. Èmi náà ti bi ara mi. Ẹni tó bá ti tẹ nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láti wò ó, kí ló kù tó lè fi kọ̀?

Mo fa wáyà tààrà láti bátìrì lọ sí họ́ọ̀nù, mo fi bọ́tìnì aago ẹnu ọ̀nà kan há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì. Mo fi ọwọ́ kan ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Káfíńtà tẹ bọ́tìnì, ọkọ̀ ké. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Àbúrò, tí mo bá tẹ èyí, wọ́n á rò pé àlejò ló ń kan ilẹ̀kùn."

"Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa sáré díẹ̀."

Wọ́n lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ fún wa ní ẹnu géètì. Mo dúró síbẹ̀ títí ohùn ọkọ̀ fi rá mọ́ mi létí. Kò ku nǹkan kan tó ń dún mọ́ àfi èyí tó wà lọ́wọ́ mi.

Bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù, mo na rilé náà sí Ọ̀gá.

"Ẹ bá mi gbé e sọ́dọ̀ yín, sà. Fún òní nìkan."

Ó fo sẹ́yìn. "Èmi? Ọwọ́ mi kún fún gíríìsì." Ó nu ọwọ́ náà mọ́ ṣòkòtò, ó nù ún, ó tún nù ún. Gíríìsì ti tán níbẹ̀ tipẹ́. "Oníná, ìwọ lo yọ ọ́."

Mo gbé e lọ sílé nínú gèlè mi. Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ ń gbé yàrá kan. Nígbà tí a pa iná, ó gbé orí sókè.

"Aago wo lẹ tún gbé wálé?"

"Aago kan ni. Sùn."

Mo rò pé ó ti sùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ni?"

"Kì í ṣe aago. Aago kì í mí."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sùn ní pálọ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Lọ́jọ́ kejì káfíńtà pè mí lórí fóònù. Wọ́n ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní bọ́tìnì àlejò ló gba àwọn lọ́wọ́ tírélà kan. Mo bi í pé Màmá ńkọ́.



"Ara Màmá ti le. Wọ́n ti yọ rọ́bà kúrò nímú."

"Ṣé dókítà ló ní kí wọ́n yọ ọ́?"

"Màmá ló yọ ọ́ fúnra wọn. Wọ́n ní àwọn ò nílò rẹ̀ mọ́."

"Kí ni dókítà wá sọ?"

"Dókítà gbé ohun tí ó fi ń gbọ́ àyà lé Màmá láyà. Ó gbọ́ ọ títí. Ó lọ mú òmíràn wá, ó gbọ́ ọ títí. Ó pe dókítà kejì, òun náà gbọ́. Àwọn méjèèjì jáde lọ dúró ní kọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ká máa lọ sílé."

Ó rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀rín náà.

Ọjọ́ tí wọ́n padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, otútù mú láàárọ̀ gan-an bíi ti ọyẹ́. Káfíńtà ti rí rilé tuntun rà fún họ́ọ̀nù. Màmá fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó rìn wọlé wá bá wa. Ó ti wọ aṣọ tó mọ́, ó ti di irun. Ẹ̀rọ atẹ́gùn kò sí nínú ọkọ̀ mọ́.

Ó wo Ọ̀gá mi láti òkè délẹ̀. "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ikùn yín tún ti yọ síwájú sí i. Àbí odidi ẹ́ńjìnnì kan lẹ gbé mì?"

A bú sẹ́rìn-ín. A kò lè ṣe é kó má pa wá lẹ́rìn-ín. Èéfín otútù ń tú jáde lẹ́nu gbogbo wa, ó funfun, ó ń lọ sókè.

Kò sí èyí tó jáde lẹ́nu Màmá.

Ẹ̀rín mi gé. Mo wò ó dáadáa. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Eyín rẹ̀ ń dán. Atẹ́gùn iwájú rẹ̀ mọ́ gaara. Àyà rẹ̀ lábẹ́ aṣọ dúró bí ògiri. Nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ mi, rilé dún. Kẹ́. Ìgbà yẹn ni Màmá tó sọ̀rọ̀. Mo tún fetí sí i. Gbogbo gbólóhùn tó bá fẹ́ sọ, á kọ́kọ́ dúró de ohun tó wà lápò mi.

Mo yíjú sí káfíńtà. Ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ìyá rẹ̀.

"Ẹ ò rí i bí ara Màmá ṣe le?" ó ní. "Àbí ẹ ò rí i?"

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n."

"Ara Màmá ti le." Èéfín ń jáde lẹ́nu òun, ó ń yára.

Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ Màmá, mo rọra na agolo kan sí i. Mo ti tẹ́ òwú sí i nínú, mo gbé rilé lé e. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á. Ilé yín kò jò. Ẹ ó lè tọ́jú rẹ̀."

Ó wo inú agolo náà. N kò lè sọ irú ojú tó fi wò ó. Kò fọwọ́ kàn án.

Kẹ́.

"Ó dára lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi."

Ó lọ wọ ọkọ̀.

Ọ̀gá mi ti fún mi ní tábìlì mìíràn báyìí, ní igun tó jìnnà sí tirẹ̀. Ó ti padà ń kọrin, ṣùgbọ́n ó máa ń kọ ọ́ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kì í gbé agolo náà jìnnà sí ara mi. Mo ń gbé e lọ ilé ìwẹ̀. Mo ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Kò sí ẹni tó ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí kì í ṣe pé ó ń dún. Rilé ni iṣẹ́ mi. Mo mọ̀ pé gbogbo rilé ló ní iye ìgbà tí yóò gbéra. Bó bá ti ń kan ẹnu, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ ẹnu náà díẹ̀díẹ̀. Èyí sì ti jóná kí n tó fojú kàn án. Mo máa ń ṣí ìdérí rẹ̀ lójoojúmọ́, mo máa ń wò ó. Ahọ́n irin náà ti ń tẹ̀. Lẹ́bú dúdú kan ń kó jọ sí abẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ rilé mìíràn, sáńpépà ló kàn, kíá ni iṣẹ́ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n a kò lè ha á láìdì í mú.

Láàárọ̀ àná, mo wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù ọkọ̀ kan. Agolo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Kẹ́. Mo ń ṣiṣẹ́ lọ. Kẹ́. Mo ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ó dákẹ́.

Mo dúró. Mo retí rẹ̀. Èmi náà ti di èémí mi mú láìmọ̀. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò. N kò lè wò ó, ojú mi wà nínú agolo. Ahọ́n irin náà dúró sí ìdajì ọ̀nà, ó ń gbọ̀n.

Lẹ́yìn náà: kẹ́.

Mo gbé fóònù. Káfíńtà ni. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí, kíkankíkan. Kò kí mi. Kò bi mí bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ mi. N kò sọ fún un rí, mo sì mọ̀ pé ìyá rẹ̀ kò sọ fún un.

"Àbúrò," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́."

Ó pa fóònù.

Bó ṣe wà báyìí nìyí. Rilé náà wà nínú agolo lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò ha á. N kò mọ ohun tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Màmá wà nílé rẹ̀, wọ́n ní ó ń gbá àgbàlá fúnra rẹ̀, ó ń bá àwọn aládùúgbò ṣàwàdà. Láti àná, rilé kò tíì tún fo kẹ́ kan ṣoṣo.

Ó ń dún.